Ìròyìn tàbí ìfitónilétí?

Ọjọ́rú

Láàárọ̀ yìí ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní kí n kọ ìwé kékeré kan tí a ó lẹ̀ mọ́ géètì, pé omi ẹ̀rọ kò ní yọ lọ́la láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, nítorí pé a fẹ́ fọ táǹkì. Mo kọ "Ìròyìn Pàtàkì" gàdàgbà sí orí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e fún Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n fi bírò pa á rẹ́, wọ́n kọ "Ìfitónilétí" rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ní, "Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ là ń ròyìn, ọmọ mi. Omi ọ̀la kò tíì dá."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Bí ènìyàn bá tú ìròyìn palẹ̀, "rò" ni yóò bá níbẹ̀, ìyẹn kí a to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn, àti "ìhìn", tí a kò fi bẹ́ẹ̀ dá lò mọ́ àfi nínú Ìhìnrere; ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan ṣì fi ń kọ ọ́ ní ìròhìn. Ẹnu ẹni tó ń rò ó ni gbogbo agbára rẹ̀ wà, ó lè bu iyọ̀ sí i, ó lè bu ata sí i, a sì ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Etí ni ti ìfitónilétí ní tirẹ̀. Ìbáà dùn, ìbáà korò, kí ó ṣáà ti dé etí ẹni tó kàn. Mo tún ṣàkíyèsí pé ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, tàbí àwùjọ, la sábà máa ń fi nǹkan tó létí. N kò tíì gbọ́ kí ìyá fi tó ọmọ ọdún mẹ́ta létí pé oúnjẹ ti jinná.

Síbẹ̀, n kò gbà fún Bàbá tán. Nígbà tí Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, tí wọ́n ń tà á ní owó ẹyọ 120, Ìwé Ìròhìn ló sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń ra òwú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó ṣe ìrìbọmi. Kí ni ènìyàn fẹ́ rò nínú iye òwú? Ìfitónilétí pọ́nbélé ni, abẹ́ ìròhìn ni wọ́n sì kó o sí láìjà.

N kò sọ èyí fún Bàbá o. Ta ni yóò bá tíṣà jiyàn nítorí omi táǹkì? Mo lẹ ìwé náà bí wọ́n ṣe tún un kọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mẹ́ta ti dá mi dúró lójú ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ìròyìn kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì yẹn?"