Yorùbá ló là mí lójú sí ablative Látìn

Ọdún kejì mi ní sẹ́mínárì ni. Fáda kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó, pé ọkùnrin kan ń fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì, ká sọ ọ́ di Látìn. Mo rí “with” nínú rẹ̀, ọwọ́ mi yá, mo fi cum dípò rẹ̀, mo kọ “Vir cum cultro panem secat”. Fáda kà á sókè, wọ́n wò mí: “Ṣé ọkùnrin yìí àti ọ̀bẹ ni wọ́n jọ ń gé búrẹ́dì ọ̀hún ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Cum Cultro ni wọ́n ń pè mí títí táàmù fi parí.

Ṣùgbọ́n “jọ” tí Fáda sọ yẹn kò kúrò létí mi. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó pọ̀ sínú “with” kan ṣoṣo, Yorùbá ti yà á sọ́tọ̀ fún mi kí n tó gbọ́ Látìn rí. Bí Yorùbá bá ní “fi”, Látìn kò fẹ́ cum, ìrísí ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè ní ablative nìkan ti tó: cultro panem secat. Bó bá jẹ́ “jọ” ni, ẹ fi cum sí i: cum amico ambulat, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń rìn. (Àwa tá a wá ń sọ pé “ó gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ” báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló kó bá wa.)

Gbólóhùn tí mo fi ń dánra wò jù rèé: Idibus Martiis Caesar a Bruto pugione interfectus est. Ablative mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ bi í bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu aládùúgbò. Ìgbà wo ni wọ́n pa Caesar, olórí Róòmù? Idibus Martiis, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi. Ta ló pa á? Wọ́n pọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú Brutus nìkan: a Bruto. Èèyàn ni, ló fi gba “a” ṣíwájú. Kí ni wọ́n fi pa á? Pugione, ọ̀bẹ olójú méjì. “Fi” ti dé, kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, n ó yọ Brutus, n ó fi ẹrú sí i, a servo. N ó gba ọ̀bẹ, n ó kó òkúta lé e lọ́wọ́, saxo.

Ablative absolute, àpólà ablative tó dá dúró lára gbólóhùn, tí gbogbo èèyàn ń sá fún ńkọ́? “Tán” ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Urbe capta, milites domum redierunt: wọ́n gba ìlú tán, àwọn ọmọ ogun padà sílé.

Ẹ ṣọ́ra fún “a” ìparí o. Mea culpa tá a fi ń lu àyà ní Mísà, ablative ni, meā culpā, “nípa ẹ̀bi mi”; ìlà orí “a” ló fi hàn pé kì í ṣe olùwà. Ọ̀pọ̀ ìwé Látìn kì í fi àmì yẹn hàn, bí ẹni kọ “oko” láìlámì tó ní kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá ọkọ̀, ọkọ́ tàbí ọkọ ìyàwó ni. Mo máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà náà sórí rẹ̀ kí n tó ka ohunkóhun.

Ibì kan wà tí Yorùbá ò ti gbà mí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe márùn-ún tó ń gba ablative: utor (lò), fruor (gbádùn), fungor (ṣe iṣẹ́), potior (gbà), vescor (jẹ). “Ó ń lo idà” ni àwa ń wí, kò sí “fi” níbẹ̀, síbẹ̀ gladio utitur ni Látìn. Mo kọ márààrún sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń kà wọ́n bí mo bá ń wọ bàtà.