Kọ́kọ́rọ́ wa ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n

Láàárọ̀ yìí ni mo ṣí GitHub ilé iṣẹ́ wa, ibi tí a ń kó kóòdù wa pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí n fi ọmọ tuntun kan kún wa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Ojú mi kàn bọ́ sórí àwòrán ẹ̀gbọ́n kan tó ti fi wá sílẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn: fìlà lórí, ẹ̀rín lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn: Owner.

Owner kẹ̀! Ẹni tó wà nípò yẹn lè pa gbogbo kóòdù wa rẹ́ kí a tó ṣẹ́jú pẹ́. Mo wá ka gbogbo wa. Àwa 11, Owner 7. Bẹ́ẹ̀ ipò 5 ló wà lórí repo (àpò kóòdù) kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù: Read (kíkà), Triage, Write (kíkọ kóòdù sí i), Maintain, Admin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò nílò ju Write lọ. (Èmi náà wà lára àwọn méje yẹn, ẹ má bú mi.)

Mo pe ẹ̀gbọ́n yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ ilé wa ṣì wà lọ́wọ́ yín o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, mi ò tiẹ̀ rántí pé mo ní in. Tètè gbà á."

Mo yọ wọ́n kúrò. Kò pé ogún ìṣẹ́jú, ohun tó máa ń gbé kóòdù wa lọ sórí sáfà (kọ̀ńpútà tó ti ń ṣiṣẹ́) dúró gbagidi. Àṣé token wọn, ìyẹn kóòdù àṣírí tó ń fi orúkọ wọn wọlé, ló ń lò látọjọ́ yìí! Àyà mi já. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí i tún ṣe.

Ọmọ tuntun ṣì ń dúró dè mí. Read ni mo fún un ná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ tiyín? Ẹ lọ wò ó, kí ẹ wá sọ fún mi.