Ẹ̀yin àbúrò mi, NAFDAC kì í bá wa po ìyẹ̀fun

Ẹ̀yin tó ń jáde ní FUTA àti Póli Ọ̀wọ̀, tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì tàbí nílé oògùn, iṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà ni èmi ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé tí nọ́ńbà NAFDAC bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí o. Ọjà kan ni nọ́ńbà kan wà fún. Ẹni tó bá lẹ nọ́ńbà búrẹ́dì mọ́ chin-chin ti rú òfin, ìbáà jẹ́ òun náà ló ń ṣe méjèèjì. Kí nọ́ńbà tó jáde, wọ́n á wá wo ilé iṣẹ́, omi, ilé ìgbẹ́ àti ìwé àyẹ̀wò ara òṣìṣẹ́, wọ́n á sì mú ọjà lọ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún lè já wọlé nígbàkúùgbà. Ìwé ni wọ́n á béèrè: inú àpò wo ni ìyẹ̀fun batch yìí, ìyẹn ọjà tí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti wá? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ta ló fọwọ́ sí i?

Ẹ wo improver, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ búrẹ́dì kó lè wú dáadáa. Wọ́n ti fòfin de ọ̀kan nínú wọn, potassium bromate, torí ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko tí wọ́n fi dán an wò. Tí ẹnì kan bá wá bu improver sínú ọ̀rá lásán fún yín, tí kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò sí nọ́ńbà batch, ẹ dá a padà, bí ọ̀gá tilẹ̀ bínú.

Ọ̀rọ̀ My Pikin, oògùn ehín ọmọdé, ṣì ń dun mí títí dòní. Ìparí ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ọmọ 84 ló kú. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ló ṣe é, kì í ṣe àwọn oníjìbìtì inú yàrá. Propylene glycol, omi tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn, ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Diethylene glycol, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ni wọ́n bá níbẹ̀. Méjèèjì kò láwọ̀, méjèèjì ki díẹ̀, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn, kí wọ́n tó dà á sínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ti pa ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos lọ́dún 1990, kí Òfin 15 ti ọdún 1993 tó dá NAFDAC sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbọ́ “oníbàárà wa àtijọ́ ló tà á” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kẹ́míkà tó bá wọlé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni yòówù kó tà á.

Ẹ máa pa díẹ̀ mọ́ nínú batch kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó kó ọjà lọ, yálà Ọjà Ọba ló ń gbé e lọ ni o, tàbí Ìkàrẹ́, tàbí Oǹdó. Lọ́jọ́ tí batch kan bá ní ìṣòro, ìwé yẹn lẹ máa fi wá a kàn kó tó dé ẹnu ọmọ ẹlòmíràn, ẹ sì fi tó NAFDAC létí lọ́jọ́ náà gan-an.