Owó ìrànwọ́ yìí ń fò wá kọjá l'Ékòó

Ọ̀rọ̀ owó tíjọba ń pín fáwọn ìdílé tí ò rí jẹ yìí ń dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ní Bàrígà wa níbí, ẹni tó yẹ kó kàn gan-an ni kì í kàn.

Obìnrin kan ń din àkàrà létí títì wa, ọkọ ẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún un, yàrá kan nínú ilé face-me-I-face-you ni gbogbo wọn ń gbé, èyí àbíkẹ́yìn á máa sùn lórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada láàárọ̀ tí ìyá ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà tíjọba àpapọ̀ kéde ní October 2023 pé ìdílé mílíọ̀nù 15 máa gba 25,000 náírà lẹ́ẹ̀mẹta torí pé wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ńṣe ló ń bi gbogbo èèyàn pé ibo ni wọ́n ti ń kọrúkọ. Kò síbì kankan o! Inú ìwé orúkọ àwọn aláìní tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn, nígbà tó sì di January 2024 wọ́n tún ní kí wọ́n dá a dúró ná.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé orúkọ yẹn gan-an ni wàhálà wà. Látìgbà owó ìrànwọ́ 5,000 náírà oṣooṣù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ará àdúgbò ni wọ́n máa ń pè jọ pé kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ẹni tíṣẹ́ ń ṣẹ́ jù láàárín wọn. Ìyẹn dáa lábúlé tí tilé-toko ti mọ ara wọn, àmọ́ Èkó ńkọ́, ayálégbé tó kó dé lẹ́ẹ̀ẹ̀kan, tí lándílọ́ọ̀dù tún lè lé jáde tówó ilé bá ti wọ́n sí i, ta ló fẹ́ dárúkọ ẹ̀? Ìgbà kòrónà ni wọ́n tó wá ronú kan àwa ará ìlú ńlá, tí wọ́n ń fi fóònù kọrúkọ, kò tíì tó rárá lójú tèmi.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ ṣe NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣe tàwọn ọmọ náà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì ṣí àkáǹtì lórúkọ ara yín, torí láìsí NIN owó yẹn ò ní wọlé. Ẹ̀yin alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí wọ́n bá tún wá kọrúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sáwọn ayálégbé náà, kẹ́ ẹ fìpàdé yẹn sálẹ́, nígbà táwọn ọlọ́jà bá ti wọlé.