Àgbélébùú Ọrùn Ọwọ́ Ọmọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Wọn kò jẹ́ kí ọmọ mi lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ó ti jókòó tì í, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe, kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ tó rí àgbélébùú tó fín sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n rọra pè é sẹ́yìn. Nígbà tí orin ìyìn fi máa bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ló wà nídìí ìlù, ọmọ mi sì wà lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ẹ mọ ohun tí Léfítíkù 19:28 wí." Mo ní mo mọ̀ ọ́n, sà. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹkún ti dé ọ̀fun mi.

Ọmọ ogún ọdún ni. Ọjọ́bọ̀ ló ti iléèwé dé, tó fi ọ̀rá wé ọwọ́. Nígbà tó tú u, awọ náà ṣì pọ́n, ó wú díẹ̀. Àgbélébùú náà kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, wọ́n sì kọ "Gál. 6:17" sábẹ́ rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Abẹ́rẹ́ ta ni wọ́n fi fín in?" Ó ní tuntun ni, ojú òun ni wọ́n ṣe já a nínú ọ̀rá. Mo ṣì bá a wí, torí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV kò ní béèrè bóyá àgbélébùú ni abẹ́rẹ́ ń kọ. Mo rán an létí pé iṣẹ́ ológun kì í gba ẹni tó fín ara. Mo rán an létí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọkùnrin tó fín ara lójú ọ̀nà, bí ẹni pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tàbí ọmọ yàhúù ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò jiyàn.

Látìgbà tí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ka ẹsẹ yẹn. "Ẹ̀yin kò gbọdọ̀ sín gbẹ́rẹ́ kan sí ara yín nítorí òkú." Ọ̀rọ̀ tí mo dúró lé lórí ni gbẹ́rẹ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò lè rí ọ̀rọ̀ tó bá etí wa mu ju ìyẹn lọ. Ta ni kò mọ gbẹ́rẹ́ nínú wa? Abẹ ni, àti oògùn dúdú tí wọ́n ń ra mọ́ ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Yorùbá bá ka ẹsẹ náà, oògùn ló ń gbọ́, ọ̀rọ̀ òkú tó wà níbẹ̀ á sì fò ó. Àṣà ọ̀fọ̀ àwọn kèfèrí tó yí Ísírẹ́lì ká ni Ọlọ́run ń kọ̀ fún wọn níbẹ̀. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ní kí ọkùnrin má gẹ ẹ̀gbẹ́ orí, kó má ba eteetí irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́. A kò tíì lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ìlù nítorí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ara mi. Apá kejì ẹsẹ náà ní kí a má kọ àmì sára, kò sì dárúkọ òkú níbẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe òpè. Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ gba Jésù mọ ara tí wọ́n ti sín nítorí òrìṣà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí n kò gbà ni kí a máa fa Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí kẹfà yọ, pé ara wa ni tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́, bí ẹni pé yíǹkì ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Àgbèrè ló ń bá wọn wí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ara mi tó rọlẹ̀ tí mo fi bi í pé kí ló sún un débẹ̀. Ó ní àwọn ará Íjíbítì ni. Mo mọ ìtàn náà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2015, fídíò jáde níbi tí àwọn apániláyà ti kó ọkùnrin 21 lọ sí etí òkun ní Líbíyà, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n bẹ́ wọn lórí nítorí Kristi. Ogún jẹ́ ọmọ ìjọ Coptic ti Íjíbítì, tí wọ́n wáṣẹ́ oòjọ́ débẹ̀. Ọ̀kan tó kù, ọmọ Gánà ni. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ yẹn ti ń fín àgbélébùú sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, lápá inú. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì a máa wò ó kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọlé, nítorí bọ́ǹbù. Àmì tó ṣílẹ̀kùn fún ọ níbẹ̀ náà ló lè fi ọ́ hàn fún ẹni tó fẹ́ pa ọ́ níbòmíràn.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ní Etiópíà, àwọn obìnrin wà tí àgbélébùú wà níwájú orí wọn. Nínú ìlú àtijọ́ Jerúsálẹ́mù, nítòsí Ẹnubodè Jaffa, ìdílé Razzouk ṣì ń fín ara fún àwọn tó wá ṣe ìrìn àjò mímọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ ìdílé àwọn fún nǹkan bí 700 ọdún, láti Íjíbítì ni wọ́n ti gbé e wá. Wọ́n ní igi ólífì tí wọ́n gbẹ́ ère sí lójú. Wọ́n á kì í bọ yíǹkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, abẹ́rẹ́ á wá máa tọ ìlà tó bá yọ. Àwọn tiwa tó bá lọ, JP (Jerusalem Pilgrim) ni wọ́n ń fi kún orúkọ bí wọ́n bá dé. Àwọn tó fín ara lọ́hùn-ún ń gbé ẹ̀rí tiwọn sára dé sàréè.

Síbẹ̀, mo bá ọmọ mi jà lórí Gálátíà 6:17. "Èmi ń ru àpá Jésù Olúwa kiri ní ara mi." Mo ní, "Wọ́n na Pọ́ọ̀lù ní ẹgba 39 lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n sọ ọ́ lókùúta. Wọ́n dá àpá sí i lára ni, kò fowó rà á." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Mọ́mì, ìdí nìyẹn tí mo fi fín in síbi tí n kò ti ní lè fi pamọ́. Tí wọ́n bá bi mí bóyá Kristẹni ni mí, n kò ní lè sẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn ní ọjọ́ Ẹtì. Mi ò bá ti fẹ́ kó kọ́kọ́ bi mí. Ṣùgbọ́n n kò lè pe ohun tó sọ yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa lọ rí àwọn àgbà ìjọ. N kò ní bá wọn fa ọ̀rọ̀. Màá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè é jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ṣe é, torí kò sẹ́ni tó bi í lónìí.

Màmá mi kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀kọ tán ní alẹ́ yìí ni ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n wá ká apá bùbá wọn sókè, bùbá ọlọ́wọ́ gígùn tí mo ti mọ̀ mọ́ wọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà tó ti ṣí bí aró àtijọ́. Lẹ́tà S inú rẹ̀ kọjú sódì, torí ẹni tó fín in kò mọ̀wé.

"Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi òwú dì pọ̀ ni, àti dúdú àtùpà. Ọmọge márùn-ún la jẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ló kù. Nígbà tí mo fẹ́ ṣèrìbọmi, wọ́n ní kí n máa bò ó."

Wọ́n fa ọwọ́ ọmọ náà sún mọ́ iná. "Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Ó ka ẹsẹ náà fún wọn lórí. Wọ́n ní kí n gbé òrí wọn wá láti yàrá, wọ́n bù ú sí orí ìka, wọ́n ń fi pa eteetí ibi tó ti ń gbẹ.

"Ṣé ó ń yún ọ?"

"Ó ń yún mi, Màámà."

"Má fi èékánná kàn án."