Orin dùùrù Bach tó ṣeé fojú rí

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin l'Ékìtì, d-r-m ni wọ́n fi ń kọ́ orin. Bí wọ́n bá ń gbọ́ orin dùùrù Bach, olórin ará Jámánì ayé àtijọ́, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ohùn tó ń lé èkejì. Fídíò tí ìró kọ̀ọ̀kan ti di ọ̀pá aláwọ̀ ló ń tú u: ìró òkè wà lókè, ti ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó pẹ́ á gùn.

Invention àkọ́kọ́, orin kékeré olóhùn méjì (BWV 772, ìyẹn nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ orin Bach; 1723), ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Báà (ìpín orin) 22 ni, bíìtì mẹ́rin-mẹ́rin, ohùn méjì péré. Ọwọ́ ọ̀tún á ní d r m f r m d s. Kò tíì dákẹ́ tí ọwọ́ òsì fi gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ní octave kan nísàlẹ̀ (láti d dé d tó tẹ̀ lé e). Ní báà kẹta, Bach dojú ọ̀rọ̀ náà dé: ohun tó ń gòkè wá ń sọ̀kalẹ̀. Etí lè má tètè mọ̀, ojú á rí i.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin sílẹ̀, ohùn kan lọ́tọ̀, èkejì lọ́tọ̀, kí ẹ tó gbé e jáde bíi fáìlì MIDI, tó ń sọ ìró tó dún, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó; òun ni ẹ ó fi ya ọ̀pá. Níbí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ohùn ni àwọ̀ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọwọ́: nínú fugue C minor (BWV 847), orin tí ohùn ti ń lé ara wọn, tó ní ohùn mẹ́ta, ọwọ́ méjèèjì ló ń pín ohùn àárín lò.

Ẹ fi orin sí bíìtì 75 ní ìṣẹ́jú kan. Bí fídíò bá ń fi àwòrán 30 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì kan gba àwòrán 24. Ẹ fún bíìtì kan ní pixel (ẹyọ tó para pọ̀ di àwòrán) 120, ọ̀pá á máa sún pixel 5 géérégé láti àwòrán kan sí èkejì, àpapọ̀ àwòrán á sì jẹ́ 2,112. Ní bíìtì 72, ó di 4.8, ọ̀pá á sì máa gbọ̀n bí ẹni òtútù mú. Láti C 36 dé C 84 (nọ́ńbà tí MIDI fún ìró) jẹ́ ìró 49. Pixel 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 980, ó ku 50 lókè, 50 nísàlẹ̀ nínú gíga fídíò tó jẹ́ 1,080.

Ẹ gé pixel 3 kúrò ní ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìró kan náà tó tẹ̀ léra á lẹ̀ pọ̀. Bí àmì trill (ìró méjì tó ń yára gba ara wọn) bá wà, ẹ tẹ ìró kéékèèké inú rẹ̀ jáde, kí etí má baà gbọ́ mẹ́ta kí ojú rí ọ̀kan. Ẹ má fi agbára ìtẹ̀ sọ ọ̀pá di ńlá: lórí harpsichord, dùùrù àtijọ́ tó ń ta okùn, bí ìka ṣe le tó kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ariwo padà. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rọra ṣá, nítorí okùn rẹ̀ ń kú lọ; ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣá títí ìka á fi kúrò.

Ẹ fi nọ́ńbà pamọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan bíi PNG. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní 1,400, láti 1,401 lẹ ó ti tún bẹ̀rẹ̀. ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà fún fídíò, ni ẹ ó fi so wọ́n pọ̀ mọ́ ohùn. Lórí WhatsApp, ẹ fi fídíò ránṣẹ́ bíi document. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, WhatsApp á fún un pọ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ pupa lórí búlúù á dàrú mọ́ra.