Àyẹ̀wò ọdún mi: Sípáníìṣì tí mò ń kà ò jìnnà sí wa rárá

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Mo ti délé sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kí n tètè kọ èyí kí ọdún tó yí, torí tí ọdún bá ti wọlé báyìí àlejò ò ní jẹ́ n ráyè jókòó. Ẹni tí ò bá mọ̀, Sípáníìṣì ni mò ń kà ní yunifásítì, kì í ṣe pé mo fi kún nǹkan míì o, òun gan-an ni dìgírì mi.

Gbogbo ẹni tó bá kí mi kú àbọ̀ ní Tákíé ló máa ń béèrè pé "kí lo wá fẹ́ fi ṣe?" Mi ò bínú sí wọn, owó ilé ìwé kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá ń bá èèyàn rò ó ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mo fẹ́ lọ sí Sípéènì, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Lọ́dún yìí mi ò dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ́, torí mo ti wá rí i pé èdè yìí sún mọ́ wa ju bá a ṣe rò lọ, wọ́n ń sọ ọ́ nítòsí wa níbí, àwọn èèyàn wa sì ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìlú Malabo. Orílẹ̀-èdè 20 ló fi Sípáníìṣì ṣe èdè ìjọba, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Áfíríkà níbí, Equatorial Guinea, tó gbòmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní 1968. Erékùṣù Bioko tí Malabo wà, kò jìnnà sí Calabar, òun làwọn àgbà mọ̀ sí Fernando Po, níbi táwọn ará Nàìjíríà ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó láyé ìjọba òyìnbó. Gbogbo èyí mo ti kà á nínú ìwé, àmọ́ kò tíì wọ̀ mí lára.

Àfìgbà tá a gba họ́lídè láàárín ọdún, tí ìyá aláṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màámi pè mí. Àbúrò wọn ọkùnrin ń tajà ní Malabo, onílé gbé ìwé fún un pé kó buwọ́ lù ú, ó ń gbọ́ Sípáníìṣì tọjà dáadáa àmọ́ kò lè kà á, ló bá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò yẹn ò mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ká ìwé náà ti pa ìlà kan jẹ, èmi àtìyá aláṣọ wá forí jọ lórí fóònù láàárín ọjà, mò ń fa fọ́tò náà tóbi, mò ń kà á díẹ̀díẹ̀. Àṣé ìwé àdéhùn ilé ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó san owó oṣù méjì sílẹ̀, "fianza" ni wọ́n pè é, pé onílé máa dá a padà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó jáde bí ilé ò bá bàjẹ́, pé kó sì sọ fún onílé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, bí kò bá sọ, owó náà ti lọ nìyẹn. Bọ̀dá yìí ti rò pé owó éjẹ́ǹtì ni, owó tí kì í padà wá! Ilé tó gbé tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ó ti kó jáde níbẹ̀ láìbéèrè kọ́bọ̀. Ó fi vọ́ìsì nóòtì gígùn ránṣẹ́ sí mi, àdúrà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyá aláṣọ yíjú sí màámi, wọ́n ní "ẹ jẹ́ ó kà á dáadáa o." Látọjọ́ yẹn màámi ò bi mí ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe mọ́.

Ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ náà la wà. Ìlú táwọn bàbá àtàwọn ìyá wa ti gbẹ́rù lọ sí Ghana, wọ́n dé Tamale, wọ́n bímọ síbẹ̀, kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àlejò tí ò níwèé máa lọ ní 1969. Àwọn àgbà tó ń sọ èdè ibẹ̀ bí ẹní mumi ṣì wà ládùúgbò wa. Ta ló bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fèdè ṣe? Ọjà ni wọ́n fi ń tà, ọmọ ni wọ́n fi tọ́.

Ní ti ìwé kíkà fúnra ẹ̀, ẹnu mi ò yọ mí lẹ́nu. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni wọ́n ní, ó sì mọ́ bíi tiwa, àmì orí lẹ́tà náà ò sì lè ya ẹni tó ti ń fàmì ohùn sórí Yorùbá lẹ́nu. Bá a ṣe ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, àwọn náà ní "usted." Ọ̀rọ̀ ìṣe ni wàhálà. "Lọ" tiwa kì í yí padà, mo lọ, o lọ, wọ́n lọ, ó ti tán, àmọ́ tiwọn, voy, vas, va, vamos, van, tó bá wá di àná ó di fui, fui yẹn kan náà ni wọ́n tún fi ń sọ pé "mo jẹ́" nígbà kan rí. Subjuntivo, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìṣe wọn ṣe máa ń yí tí èèyàn bá ń sọ ohun tó wù ú tàbí ohun tí kò dá a lójú, ló gba gbogbo sẹ́mẹ́sítà kejì lọ́wọ́ mi, mo sì yọ̀ pé mo lè sọ ọ́ báyìí láìdúró ronú. Etí ló kù. Sípáníìṣì ti Kúbà máa ń gbé "s" mì níparí ọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń sáré, ẹ sì mọ̀ pé láìsí dátà àti iná, kò sí bí mo ṣe fẹ́ máa gbọ́ wọn lójoojúmọ́.

Kúbà yìí gan-an ló gba ọkàn mi lọ́dún yìí. Ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká láyé ọjọ́un, nǹkan bí 1830 sókè, àwọn kan nínú àwọn tó sá ló wọ Ògbómọ̀ṣọ́, bí ìlú wa ṣe kún nìyẹn. Àwọn míì, wọ́n mú wọn lẹ́rú, wọ́n tà wọ́n, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Kúbà síbi oko ìrèké, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, 1886 sì ni oko ẹrú tó parí ní Kúbà. Títí dòní ṣá, wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó níbẹ̀, December 4 tó jẹ́ ọjọ́ Santa Bárbara, ẹni mímọ́ àwọn Kátólíìkì, ni wọ́n fi ń ṣe tiẹ̀. Díákónì ni bàámi, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ níwájú wọn, àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ wọ́n gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà sílẹ̀, wọ́n ní ìlú tí baba ńlá wa ti wá kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ogun yẹn náà ló tú u. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí wọ́n gbé lọ Kúbà àti ẹni tó bí wa jẹ́ ará ilé kan náà, mo ń rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àkòrí pírójẹ́ẹ̀tì mi. Obìnrin ará Kúbà kan, Lydia Cabrera, ṣa ọ̀rọ̀ àwọn Lucumí jọ sínú ìwé ní 1957, ìlànà Sípáníìṣì ló fi kọ gbogbo ẹ̀, kò sí àmì ohùn. Ẹni tó gbọ́ Sípáníìṣì nìkan, ó máa kọjá lára ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ò ní lè ka àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ méjèèjì niṣẹ́ yẹn ń wá, mo sì fẹ́ ṣe é, pàápàá pẹ̀lú àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá àtijọ́, kí wọ́n tó lọ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ ṣe ìdánwò DELE, tí Instituto Cervantes, iléeṣẹ́ ìjọba Sípéènì tó ń rí sí èdè wọn, fi ń fúnni níwèé ẹ̀rí pé èèyàn gbọ́ Sípáníìṣì, ìpele B2 (ìkẹrin nínú mẹ́fà), kí n sì fi àkòrí yìí sílẹ̀ fún ọ̀gá mi tá a bá wọlé. Ẹni tí mo lè máa bá sọ ọ́ ni mi ò ní. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti gbé Malabo tàbí Bata (ìlú míì ní Equatorial Guinea) rí, tó sì ti padà wálé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún un, ojoojúmọ́ ni mo wà nílé títí wọ́n á fi ní ká wọlé, mo lè wá bá a níbikíbi ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.